Kí Ló Ń Ké Lábẹ́ Píkọ́ọ̀pù Nígbà Tí Ẹ Bá Yí Sítíárìn?

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ọyẹ́ mú gan-an, eruku ti bo gíláàsì iwájú Hilux mi, mo sì fẹ́ tètè bọ́ sọ́nà Ìsẹ́yìn lọ kó iṣu kí oòrùn tó mú. Bí mo ṣe yí sítíárìn sọ́tùn-ún láti jáde ní géètì, ohun kan dún lábẹ́ ọkọ̀: kẹ̀ẹ́ẹ̀, bí ilẹ̀kùn ilé àtijọ́ tí epo kò kan ìdè rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Mo yí i padà sósì, ó tún dún. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ táyà, n kò rí nǹkan kan.

Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, mo ti pààrọ̀ pọ́ǹpù sítíárìn, mo ti ra bẹ́líìtì tuntun, mo sì ti da epo sítíárìn nù lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ̀ náà ṣì ń ké. Kì í ṣe pé mẹkáníìkì tó bá mi ṣe é fẹ́ rẹ́ mi jẹ. Ó gbọ́ ariwo, ó ní pọ́ǹpù ni, èmi náà sì sáré lọ sí ọjà Gate n'Ìbàdàn lọ ra tòkunbọ̀. Ẹni tó gbà mí ni bàbá kan tó ti ń tún ọkọ̀ akẹ́rù ṣe láti ayé Mercedes 911. Bàbá kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rárá. Ìbéèrè kan ló bi mí.

"Tí o bá pa ẹ́ńjìnì, tí o wá yí sítíárìn, ṣé ó ṣì máa ń ké?"

Mo ní, "Bàbá, n kò tíì dán an wò, sà."

"Wọlé, dán an wò."

Mo pa ẹ́ńjìnì, mo fi kọ́kọ́rọ́ síbi tí sítíárìn kò ti ní há, mo sì fi gbogbo agbára yí i. Kẹ̀ẹ́ẹ̀. Ó tiẹ̀ wá ṣe ketekete ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí ẹ́ńjìnì kò bò ó mọ́lẹ̀ mọ́. Bàbá wò mí. Ó ní, "Ẹ́ńjìnì ló ń yí pọ́ǹpù tí o rà yẹn. Ẹ́ńjìnì ti kú báyìí, pọ́ǹpù ti dúró. Ta ló wá ń ké?"

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níbí, orí ìbéèrè yẹn ló dúró lé. Ó dùn mí pé owó mi ti lọ kí ẹnikẹ́ni tó bi mí, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni owó wọn ń bá irú rẹ̀ lọ lójoojúmọ́.

Sítíárìn tó ń lo epo pín sí apá méjì. Ẹ́ńjìnì ló ń gbé apá kìíní ṣiṣẹ́. Bẹ́líìtì tó wà níwájú ẹ́ńjìnì ń yí pọ́ǹpù. Pọ́ǹpù ń fa epo láti inú ìkòkò kékeré kan, ó ń fi agbára tì í gba inú ọ́ọ̀sì lọ sínú ráàkì, ìyẹn irin gbọọrọ tó ń ti táyà iwájú sọ́tùn-ún sósì. Epo yẹn ló ń bá yín ti táyà tí apá kò fi ń ro yín. Agbára rẹ̀ kì í ṣe kékeré: tí ẹ bá yí sítíárìn dé òpin, ó lè ju 1,000 psi lọ, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí 30 psi péré la ń fẹ́ sínú táyà ọkọ̀ wa.

Apá kejì kò bá ẹ́ńjìnì da nǹkan pọ̀. Ọ̀pá wà tó ti ìdí sítíárìn gba inú ògiri irin kọjá lọ síbi tí ẹ́ńjìnì wà. Oríkèé wà lára ọ̀pá náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ráàkì, tai rọ́ọ̀dù (ọ̀pá tó so ráàkì mọ́ táyà), bọ́ọ̀lù jọ́ìntì (oríkèé tí táyà ń yí lé), àwọn búṣì onírọ́bà, títí kan táyà fúnra rẹ̀. Gbogbo wọn ló ń mira nígbàkigbà tí ẹ bá yí sítíárìn, ẹ́ńjìnì ì báà ṣiṣẹ́, ì báà kú.

Nítorí náà, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn. Ẹ ṣáná, ẹ yí sítíárìn sọ́tùn-ún sósì, kí ẹ gbọ́ ariwo náà dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sí ACC, ibi tí sítíárìn kò ti ní há, kí ẹ tún yí i. Yóò wúwo, ẹ lè má yí i ju ìlàjì lọ, ìyẹn náà ti tó. Bí ariwo bá bá ẹ́ńjìnì kú, apá kìíní ni kí ẹ wò. Bí kò bá kú, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni ta pọ́ǹpù fún yín. Nígbà mìíràn ariwo méjì máa ń wà lára ọkọ̀ kan náà, pàápàá ọkọ̀ tó ti gbó, nítorí náà ẹ fetí sílẹ̀ bóyá ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì kú ni ohun tó ń dà yín láàmú.

Ìró náà tún ní ohun tó ń sọ. Yorùbá ti fún wa ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó fún iṣẹ́ yìí, àwa ni a kì í lò ó. A máa ń dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, a ó sì ní "ó ń pariwo." Ariwo wo? Ohun tó ń han kì í ṣe ohun tó ń kùn. Ohun tó ń kùn kì í ṣe ohun tó ń dún bí igi méjì tó ń ha ara wọn. Bẹ́líìtì ló máa ń han: ohùn rẹ̀ tínrín, ó lọ sókè, wíììì, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ ọ. Pọ́ǹpù ló máa ń kùn: hùùù, ohùn abẹ́ imú, tó ń ga sí i bí ẹ bá ṣe ń tẹná. Irin tí gírísì ti tán lára rẹ̀ àti rọ́bà tó ti gbẹ ló ń dún kẹ̀ẹ́ẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ọwọ́ yín ṣe ń lọ. Bí ẹ bá dáwọ́ dúró, òun náà á dúró.

Ojú ọjọ́ náà máa ń sọ òótọ́. Bẹ́líìtì fẹ́ràn láti han láàárọ̀ kùtùkùtù, lẹ́yìn òjò, nígbà tí omi ti fọ́n sí i lára. Rọ́bà àti bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tó gbẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Inú ọyẹ́ ni wọ́n ti ń ké jù. Bí òjò bá rọ̀ sí wọn lára, wọ́n lè dákẹ́ fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí onímọ́tò máa rò pé nǹkan ti tán.

Ká mú bẹ́líìtì. Nígbà tí ẹ bá ń wakọ̀ lọ tààrà, pọ́ǹpù kò fi bẹ́ẹ̀ ṣòro yí. Bí ẹ bá yí sítíárìn, pàápàá tí ọkọ̀ bá dúró sójú kan, ẹrù já lé e lórí lójijì. Bẹ́líìtì tó bá ti dẹ̀, tàbí tí inú rẹ̀ ti ń dán bí awọ bàtà, kò ní lè dì í mú mọ́, á máa yọ̀ lórí púlì, irin róbótó tí bẹ́líìtì yí ká. Yíyọ̀ yẹn ló ń han. Ó lè jẹ́ pé bẹ́líìtì ti gbó, ó lè jẹ́ ohun tó ń nà án ló ti kú, ó sì lè jẹ́ pé epo sítíárìn tàbí epo ẹ́ńjìnì ló ń kán sí i. Bí epo bá ń kán sí i, bẹ́líìtì tuntun náà yóò han láìpẹ́. Ẹ dí ibi tí epo ti ń jáde ná.

Omi lásán tó láti fi dán an wò. Kí ẹnì kan jókòó sínú ọkọ̀, kí ó máa yí sítíárìn, kí ẹ̀yin fi ìgò afín-omi fín omi díẹ̀ sí ojú bẹ́líìtì tó ní ìlà-ìlà. Bí ó bá dákẹ́ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí púlì kan máa wọ́, kò sí ní ìlà kan náà pẹ̀lú àwọn yòókù. Bí híhan náà bá pọ̀ sí i, bẹ́líìtì ló dẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ká apá aṣọ yín sókè, ẹ bọ́ ṣéènì ọrùn, ẹ jẹ́ kí ìka jìnnà síbẹ̀. Bẹ́líìtì tó ń yí kì í dá ọwọ́ ẹnikẹ́ni mọ̀. Ọṣẹ gbígbẹ tí àwọn mìíràn sì ń fi pa á, ẹ má ṣe é. Á dákẹ́ lónìí, á túbọ̀ máa yọ̀ lọ́la.

Ti pọ́ǹpù, ojú ìkòkò epo ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Àmì COLD àti HOT máa ń wà lára rẹ̀ tàbí lára ọ̀pá ìdérí rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá tutù, COLD ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Epo tí ọ̀pọ̀ Hilux ń lò jẹ́ ATF pupa, irú Dexron, ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sórí ìdérí ọkọ̀ tiyín. Bí epo bá lọ sílẹ̀, pọ́ǹpù á máa gbé afẹ́fẹ́ mì mọ́ epo, afẹ́fẹ́ náà ló ń kùn. Ẹ ṣí i wò lẹ́yìn tí ẹ bá ti yí sítíárìn lẹ́ẹ̀mélòó kan: bí epo bá ń hó bí omi ọṣẹ, afẹ́fẹ́ ti wọ̀ ọ́. Epo yìí kì í jóná bí epo ẹ́ńjìnì. Bí ó bá dín, ó jò ni. Ẹ wo ẹnu ọ́ọ̀sì, kí ẹ sì fọwọ́ tẹ rọ́bà tó ká wọ́njọ bí àkọ́díọ̀nù ní igun méjèèjì ráàkì. Bí epo bá wà nínú rọ́bà yẹn, ráàkì ti ń jò sínú ara rẹ̀ láìjẹ́ kí ẹ rí i nílẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi epo bíréèkì dípò, yóò ba àwọn rọ́bà inú rẹ̀ jẹ́.

Láti lé afẹ́fẹ́ jáde, ẹ gbé iwájú ọkọ̀ sókè, ẹ fi irin ìdúró sí i lábẹ́, kì í ṣe jáàkì nìkan. Láìṣáná, ẹ rọra yí sítíárìn láti igun kan dé èkejì bí ìgbà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ máa fi epo kún un bí ó ti ń lọ sílẹ̀. Nígbà tí kò bá yọ ìfóófòó mọ́, ẹ ṣáná, kí ẹ tún rọra yí i. Kíkùn tí mẹkáníìkì fi ń sọ pé pọ́ǹpù ti kú, ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ epo nìkan ló ń wò ó sàn lọ́pọ̀ ìgbà.

Ìró kan wà tí kì í ṣe àìsàn. Bí ẹ bá yí sítíárìn títí tí kò lọ mọ́, tí ẹ sì dì í mú síbẹ̀, ẹ ó gbọ́ ṣììì. Agbára epo ló ti dé òpin, ihò kékeré kan sì ṣí láti jẹ́ kí epo sá padà kí ọ́ọ̀sì má baà bẹ́. Ẹ dá a padà díẹ̀. Ẹ má dì í mú ní òpin ju ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ, torí epo á gbóná gan-an, pọ́ǹpù ni yóò sì jìyà rẹ̀.

Ní báyìí, ká padà sí ọkọ̀ tó ń ké nígbà tí ẹ́ńjìnì ti kú. Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá inú ilé ọkọ̀ ló ti ń wá tàbí ìta. Kí ẹlòmíràn dúró ní ẹ̀gbẹ́ táyà iwájú, kí ẹ̀yin jókòó yí i. Bí ẹ̀yin bá gbọ́ ọ lẹ́bàá orúnkún yín, tí ẹni tó wà níta kò sì gbọ́ nǹkan, inú ibí ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, rọ́bà tó yí ọ̀pá sítíárìn ká níbi tó ti wọ inú ògiri irin ni: ẹnu rẹ̀ ti gbẹ, ó ń ha ọ̀pá. Gírísì sílíkónì díẹ̀ ti tó fún un. Ó tún lè jẹ́ ìdérí pílásítíìkì tó fara kan sítíárìn, tàbí ohun tí wọ́n ń pè ní clock spring, ìyẹn okùn pẹlẹbẹ tó ká bí ìgbín lẹ́yìn sítíárìn, tó ń gbé iná lọ fún hóònù àti airbag. Bí òun bá ń já lọ, hóònù lè máa ṣe ségesège, iná airbag sì lè tàn lójú dáṣíbọọ̀dù. Ẹ má fúnra yín tú u bí airbag bá wà nínú sítíárìn. Àní mẹkáníìkì náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ orí bátìrì, kí ó sì dúró, àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá ni Toyota ní kí wọ́n dúró, kí ó tó fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀.

Bó bá jẹ́ ìta ni, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti nípọn, ibẹ̀ náà sì ni ti èmi wà.

Bàbá ní kí ọmọọṣẹ́ rẹ̀ jókòó sínú ọkọ̀, ẹ́ńjìnì ní pípa, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ilẹ̀. Ó lóṣòó lẹ́yìn táyà iwájú ọ̀tún, ó na ọwọ́ wọlé, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé oríkèé ìsàlẹ̀ bí ẹni ń wò ó bóyá ara ọmọ gbóná. "Yí i." Kẹ̀ẹ́ẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lọ sí ti òkè. "Yí i." Ó gbé e lọ sí tai rọ́ọ̀dù. "Yí i." Ó padà sí ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pè mí. "Wá fọwọ́ kàn án."

Mo fọwọ́ kàn án. Bí ọmọ yẹn ṣe ń yí sítíárìn, irin náà ń gbọ̀n lábẹ́ ìka mi, ìgbọ̀n wẹ́wẹ́, bí ìgbà tí wọ́n bá ń fi èékánná ha pátákó ìkọ̀wé. Mo fọwọ́ kan ti òkè, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Etí mi ti ń tàn mí jẹ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nítorí irin máa ń gbé ohùn kiri, ohun tó ń ké lápá ọ̀tún lè dún bí ẹni pé àárín ló wà. Ọwọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ dán èyí wò, ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ wà ní pípa, ọwọ́ yín kò sì gbọdọ̀ wà láàárín táyà àti irin tí táyà ń lọ gbá nígbà tó bá yí dé òpin.

Oríkèé yẹn la ń pè ní bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, kò sì ṣòroó mọ̀. Ẹ rántí bí orí egungun itan ṣe wọ inú ihò ìbàdí, tó sì ń yí síbi tó bá wù ú. Bẹ́ẹ̀ náà ni: bọ́ọ̀lù irin kékeré nínú agolo irin, gírísì ní àárín, rọ́bà ló sì dé e lẹ́nu kí iyanrìn àti omi má wọlé. Lára Hilux tó jáde láti 2005, sípíríńgì iwájú jókòó lórí apá ìsàlẹ̀, ìyẹn irin tó so táyà mọ́ ara ọkọ̀ nísàlẹ̀, nítorí náà bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ìsàlẹ̀ ló ń ru ìwúwo iwájú ọkọ̀. Rọ́bà tèmi ti ya, ibi tó ya kò ju èékánná lọ. Omi ẹ̀bá ọ̀nà Ìsẹ́yìn ti gba ibẹ̀ wọlé, ó ti fọ gírísì jáde, ohun tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ dà bí iyẹ̀pẹ̀ pupa. Ìpẹtà ni.

Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé nínú gbogbo ohun tó lè máa ké, òun ló lè pa ènìyàn. Bẹ́líìtì tó já kì í ju pé kí sítíárìn wúwo lójijì, kí bátìrì má gba iná, kí ẹ́ńjìnì sì gbóná bí òun náà bá ń yí pọ́ǹpù omi. Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tó bá jẹ tán, bọ́ọ̀lù náà á fà yọ kúrò nínú agolo rẹ̀, táyà á dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọkọ̀ á fi imú gbálẹ̀, ẹni tó wà nídìí sítíárìn kò sì ní agbára kankan lórí rẹ̀ mọ́. Ní 2005, Toyota pe ọgọ́ọ̀rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún Tacoma, Tundra àti Sequoia padà ní Amẹ́ríkà nítorí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ìsàlẹ̀ tó lè tètè jẹ. Kí irin yẹn tó já, ó sábà máa ń sọ̀rọ̀ ná: kíké, sítíárìn tó ń le sí i, lẹ́yìn náà gbọ̀gbọ̀ nígbà tí ẹ bá bọ́ sínú kòtò. Ẹni tó bá ti gbọ́ gbọ̀gbọ̀ lẹ́yìn kíké, kí ó má ṣe kó ẹrù lọ sí ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú rẹ̀.

Báyìí ni a ṣe ń mọ̀ bóyá ó ti jẹ. Ẹ gbé jáàkì sábẹ́ apá ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀, nítòsí táyà, títí táyà yóò fi kúrò nílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì fi irin ìdúró ti ọkọ̀ lẹ́yìn. Báyìí ni ẹrù ti kúrò lórí bọ́ọ̀lù náà. Ẹ ti ọ̀pá irin gígùn bọ abẹ́ táyà, ẹ fi gbé e sókè-sódò, kí ẹlòmíràn máa wo oríkèé náà. Bí ẹ bá rí i tó ń fò, ó ti lọ. Ẹ tún fi ọwọ́ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ẹ mì í; lẹ́yìn náà, ẹ dì í mú lọ́tùn-ún àti lósì, ẹ mì í. Mímì ti òkè-nísàlẹ̀ ń tọ́ka sí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tàbí bẹ́ríǹ, ti ọ̀tún-òsì sì ń tọ́ka sí tai rọ́ọ̀dù tàbí ráàkì. Nítorí pé ẹrù ti kúrò lórí rẹ̀, kíké náà lè dákẹ́ nígbà tí táyà bá wà lókè. Ẹ má torí ẹ̀ sọ pé ó ti sàn.

Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń fi abẹ́rẹ́ fún gírísì gba inú rọ́bà wọlé. Ó máa dákẹ́, mo ti rí i. Mo gbà pé ó wúlò láti fi mọ̀ dájú pé ibẹ̀ gan-an ló ń ké, ó sì lè gbé yín délé. Ṣùgbọ́n irin tó ti jẹ kò ní hù padà, ohùn tó ń kìlọ̀ fún yín nìkan ni gírísì náà pa mọ́. Èyí tó ní ihò gírísì tirẹ̀ yàtọ̀. Òun la ṣe kí a máa fún un ní gírísì déédéé, kí ó tó ké rárá.

Fún àwọn búṣì rọ́bà, omi ọṣẹ ló dára jù láti fi wá wọn. Ẹ fín in sí ẹyọ kan, ẹ mi ọkọ̀ tàbí kí ẹ yí sítíárìn, ẹ gbọ́. Bí kò bá dákẹ́, ẹ lọ sí èkejì. Ẹni tó bá fín gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kò ní mọ èyí tó ń ké. Ẹ má sì fi epo ẹ́ńjìnì tó ti dúdú, èyí tí a ń pè ní kọ́ńdẹ̀ẹ̀mù, pa rọ́bà kankan. Gbogbo ibi iṣẹ́ mẹkáníìkì ni mo ti ń rí i tí wọ́n ń ṣe é, ó sì ń dùn mí, nítorí epo máa ń mú kí rọ́bà wú, kí ó rọ̀, kí ó sì fọ́. Sílíkónì ni kí ẹ lò.

Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá, irú 911, kò ní bọ́ọ̀lù jọ́ìntì báyìí. King pin ló ní, irin gbọọrọ tí táyà ń yí lórí rẹ̀, ó sì ní ihò gírísì. Bí ó bá ń ké, ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má ti fún un ní gírísì láti ìgbà pípẹ́. Ẹ gbé iwájú rẹ̀ sókè kí gírísì lè wọ ibi tí ìwúwo ti tẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ fún un títí tí ti àtijọ́ yóò fi jáde.

Bí ó bá ń dún ká-ká-ká nígbà tí ọkọ̀ ń lọ, tí ẹ sì ń yà ní kọ́nà, CV joint, oríkèé ọ̀pá tó ń fi agbára ẹ́ńjìnì yí táyà iwájú, ni ẹ ó wò, bí ọkọ̀ náà bá ní táyà iwájú tó ń fà. Hilux tí táyà ẹ̀yìn nìkan ń tì kò ní i. Tiyín bá jẹ́ 4x4, ẹ wò ó bóyá ẹ kò gbàgbé ọ̀pá ní 4H, níbi tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń fà, lórí ọ̀dà gbígbẹ. Ọkọ̀ á máa kùn, á máa fò bí ẹni tí a so ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀, kò sì sí ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀, ẹ dá a padà sí 2H, táyà ẹ̀yìn nìkan. Bí ó bá jẹ́ orí táìlì tàbí síméńtì dídán nìkan ló ti ń ké, táyà ló ń ha ilẹ̀. Àlàyé nípa bẹ́ríǹ orí ṣọ́kì tí ẹ máa ń rí fún Corolla àti Camry kò kan Hilux, torí ṣọ́kì tirẹ̀ kì í bá táyà yí.

Àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń wa F-150, ẹ wò ó dáadáa: láti 2011 ni Ford ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi sítíárìn oníná sínú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí tiyín bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò ní pọ́ǹpù, kò ní epo, bẹ́líìtì kò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Kíké tó bá ti ara irú rẹ̀ jáde, apá kejì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Tèmi, a pààrọ̀ bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ìsàlẹ̀ méjèèjì, ti òsì náà ti fẹ́ ya rọ́bà rẹ̀. Bàbá fi píìnì tuntun, irin tínrín tí kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tì tú, sí i lójú mi, kò lo èyí tó yọ, ó sì ní kí n lọ ṣe àlàímẹ́ǹtì kí táyà má baà jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Pọ́ǹpù àtijọ́ mi ṣì wà nínú àpò nílé, kò ní nǹkan kan tó ń ṣe é. Nígbà tí ọkọ̀ àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í ké lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ohun tí mo ní kí ó lọ sọ fún mẹkáníìkì rẹ̀ rèé, ó kọ ọ́ sínú fóònù kó má baà gbàgbé: "Ó ń dún kẹ̀ẹ́ẹ̀, kì í han, kì í kùn. Bí mo bá pa ẹ́ńjìnì, ó ṣì ń dún. Ìta ni, apá òsì. Bí a bá gbé táyà kúrò nílẹ̀, ó ń dákẹ́. Mo fọwọ́ kan ti ìsàlẹ̀, ó ń gbọ̀n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo rọ́bà rẹ̀."